Pẹ́dáàlì fíltà MF-101 lẹ́yìn Korg Monologue: iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi lóde àríyá l'Ájàṣẹ́

Fíltà tó wà nínú Korg Monologue, síńtì mi (kíbọ́ọ̀dù kékeré tó ń fi iná dá ìró), kò burú rárá. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ èyí, torí ẹni tó bá rí mi lóde pẹ̀lú àpótí dúdú onígi kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi á máa rò pé síńtì náà ló ní àbùkù tí mo fi ń wá àtìlẹ́yìn fún un. Kò ní àbùkù kankan. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run fún mi. Lóde àríyá níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí kíbọ́ọ̀dù, òsì ń tẹ béèsì lórí Monologue, torí onígìtá béèsì wa ti kó lọ sí Kútọnu, a kò sì tíì rí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Bí orin bá wá gbóná, tí àwọn ìyá ìyàwó dìde tí wọ́n ń náwó fún onílù, ta ni yóò bá mi yí bọ́tìnì cutoff, èyí tó ń ṣí fíltà tó sì ń pa á dé? Ẹsẹ̀ ló kù.

Pẹ́dáàlì tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Moogerfooger MF-101. Bob Moog, oníhùmọ̀ síńtì Moog, fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde ní 1998, nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Big Briar, ní Asheville, ìpínlẹ̀ North Carolina l'Amẹ́ríkà. Irú fíltà tó sọ síńtì Moog di olókìkí láyé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ọkùnrin náà gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lé lórí ní 1969. Wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró láti 2018, tòkunbọ̀ sì ni gbogbo èyí tó kù lọ́jà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé l'Atlanta ló bá mi rà á, ó sì dì í mọ́ ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wá ṣòkú ìyá rẹ̀. Ó ná mi ní 190 000 fránkì sefà àti díẹ̀ lé. Owó kékeré kọ́, màá padà síbẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ fíltà: asẹ́ ògì ni, àmọ́ ìró ni wọ́n ń dà sí i. Ìró ìsàlẹ̀ ń kọjá, èyí tó bá ga ju ibi tí ẹ fi cutoff sí lọ ń dúró sẹ́yìn bí èèrí. Resonance ni bọ́tìnì tó ń gbé ìró ojú ibẹ̀ gan-an sókè. Ẹ yí i dé òpin, ó di súfèé.

Monologue ní fíltà 2-pole, ìyẹn ni pé ìró tó bá fi ọ́kítéfù kan (ìlọ́po méjì) ga ju cutoff lọ á fi nǹkan bíi 12 dB (dB ni ìwọ̀n líle ìró) rẹlẹ̀. MF-101 ní súìsì kan lójú tí ẹ lè fi mú 2-pole tàbí 4-pole, 4-pole sì ń gé 24 dB. Ká sọ pé mo fi cutoff sí 220 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìró tó wà ní 880 Hz ti jìnnà sí i ní ọ́kítéfù méjì: 2-pole á fi bíi 24 dB rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, 4-pole á fi bíi 48 dB rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ka èyí nínú yàrá, nọ́ńbà lásán ni. Ẹ gbé e wá sábẹ́ àtíbàbà ní Wándó, níbi tí gángan méjì, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti akọrin mẹ́rin ti ń du àyè kan náà nínú sípíkà méjì tó ti darúgbó. Béèsì Monologue nìkan, bó ti wù kí n ti cutoff rẹ̀ tó, ṣì máa ń ní ìkùn kan tó ń gòkè lọ bá gángan jà. Èmi fẹ́ràn ìkùn yẹn nínú ilé, àmọ́ kò ṣeé gbé lọ òde. Bí mo bá ti ẹsẹ̀ bọ pẹ́dáàlì tó wà lórí 4-pole, gbogbo ìjà yẹn parí. Béèsì á rọra lọ sísàlẹ̀, ẹ ó máa fi àyà gbọ́ ọ ju etí lọ, gángan á sì gba ibi tó jẹ́ tirẹ̀ padà.

Ohun kan wà tí irú fíltà Moog yìí máa ń ṣe o, tí ẹni tó ń wá béèsì gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ẹ ṣe ń fi kún resonance ni ìsàlẹ̀ ìró ń dín kù. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó ń gba MF-101 là níbẹ̀ ni bọ́tìnì MIX, tó ń jẹ́ kí ẹ da ìró tí fíltà kò fọwọ́ kàn pọ̀ mọ́ èyí tó ti sẹ́. Mo máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, béèsì á padà, resonance á ṣì máa sọ tiẹ̀ lókè. Fíltà inú Monologue kò ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Monologue ní envelope kan ṣoṣo. Bọ́tìnì rẹ̀ kan náà ló ń sọ bí ohùn yóò ṣe wọlé tí yóò sì ṣe jáde, òun náà ló sì ń ṣí fíltà. Ẹ lè fi fólúùmù sí Gate kí envelope lọ ṣiṣẹ́ fún fíltà nìkan, àmọ́ nígbà náà, bí ẹ bá ti gbọ́wọ́ kúrò, ohùn á gé ṣá. Ọ̀kan ni ẹ máa yàn. MF-101 wá ní ohun tí wọ́n ń pè ní envelope follower: ó ń tẹ́tí sí bí ìró tó ń wọlé ṣe le sí, ó sì ń fi líle yẹn ṣí fíltà. Ó ti dà bíi pé síńtì ní envelope kejì, èyí tó ń gbọ́ mi, kì í ṣe èyí tó kàn ń tẹ̀ lé ohun tí mo tò sílẹ̀. Bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù Monologue mọ bí ọwọ́ ṣe wúwo sí, nítorí náà bí mo bá rọra tẹ̀ ẹ́, fíltà pẹ́dáàlì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí. Bí mo bá gbá a, á la ẹnu wàà. Bọ́tìnì AMOUNT ló ń sọ bí ẹnu yẹn á ṣe fẹ̀ tó. Súìsì kékeré tún wà fún smooth àti fast. Fast dára fún béèsì tó ń fò, tó ń sáré bá agogo lọ. Fún orin tó rọra ń rìn, smooth ni, torí fast á máa gbọ̀n lórí ìró ìsàlẹ̀ tó gùn bí ẹni tí òtútù ń mú.

Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí fíltà síńtì fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Bí cutoff ti inú bá ti wà nílẹ̀, kò sí nǹkan tí pẹ́dáàlì máa sẹ́ mọ́. Èèrí ti dúró sílé. Mo máa ń gbé ti inú sókè ju ìdajì lọ, mo sì máa ń fi kékeré nínú bọ́tìnì Drive ti Monologue (èyí tó ń ti ìró kó le) sí i kí ìró lè gún díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ pẹ́dáàlì.

Lórí ọ̀rọ̀ agbára ìró: ìró tó ń jáde nínú síńtì le ju ti gìtá lọ dáadáa. Púpọ̀ nínú pẹ́dáàlì tí wọ́n ṣe fún gìtá ni síńtì máa ń bò mọ́lẹ̀, tí ohùn á máa ya bí aṣọ. MF-101 gba méjèèjì, torí ó ní bọ́tìnì Drive tirẹ̀ àti iná kékeré tó ń pàwọ̀ dà bí ìró bá ti ń pọ̀ jù. Síbẹ̀, mo máa ń fà fólúùmù Monologue wálẹ̀, mo sì máa ń fi Drive pẹ́dáàlì wá ibi tí ó ti tó. Bó bá pọ̀ díẹ̀, ó máa ń sanra lọ́nà tó dùn. Bó bá pọ̀ púpọ̀, envelope follower kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtẹ̀ líle àti ìtẹ̀ jẹ́jẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ rà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti súfèé. Monologue kò ní ojú ihò tí ìró lè gbà wọlé, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè ki pẹ́dáàlì sáàárín ikùn rẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo nǹkan ló máa ń wà. Ìyẹn ni pé nígbà tí síńtì ti pa ohùn rẹ̀ mọ́, pẹ́dáàlì kò mọ̀, kò sì sí ìlẹ̀kùn kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa tì. Bí resonance bá ti dé òkè pátápátá, fíltà á máa súfèé fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí nígbà tí ààfáà bá gba máíkì láti ṣàdúrà fún tọkọtaya, tí gbogbo ilé dákẹ́, tí irin kan sì ń súfèé nísàlẹ̀ orí ìtàgé. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ mọ ibi tí bọ́tìnì ìtẹ̀ wà nínú òkùnkùn. A dúpẹ́ pé wọ́n ṣe é tóbi, ó sì le. Bàtà kì í ṣì í.

Àmọ́ o, ẹsẹ̀ yìí gan-an ni mo ní ẹ̀sùn lé lórí. Ẹni tó bá gbọ́ pẹ́dáàlì á rò pé ó ń lọ sókè-sódò lábẹ́ ẹsẹ̀. Rárá. MF-101 kò ní ju títàn àti pípa lọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ yí cutoff, ẹ ní láti ra pẹ́dáàlì expression, èyí tó ń lọ sókè-sódò, lọ́tọ̀, kí ẹ fi wáyà rẹ̀ sí ẹ̀yìn, níbi tí ihò wà fún cutoff, fún resonance, fún mix. Wáyà inú pẹ́dáàlì expression sì yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ lè rà á kí ó máa ṣiṣẹ́ sódì, tàbí kí ó má yí ju ìdajì lọ. Ẹ gbé MF-101 dání lọ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn tí mo ti ní èyí tó bá a mu, ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo rà. Mo lè ki fíltà mọ́lẹ̀ nígbà tí akọrin ń ki oríkì, kí n sì rọra ṣí i bí ègbè ṣe ń bọ̀, láìgbé ọwọ́ kúrò lórí ohun tí mò ń tẹ̀.

Fíltà méjì tẹ̀ léra tún ní eré kan tí ọ̀kan kò lè ṣe. Etí ènìyàn máa ń dá fáwẹ́lì mọ̀ nípa ibi méjì tí ìró ti ga: fún «a», nǹkan bíi 700 Hz àti nǹkan bíi 1 200 Hz, fún «u», bíi 300 Hz àti 800 Hz. Mo fi ìró tí resonance Monologue ń gbé sókè sí ibi tó ga, ti pẹ́dáàlì sí ibi tó rẹlẹ̀, mo sì fi pẹ́dáàlì sórí 2-pole, torí 4-pole á jẹ òkè náà run kí ẹ tó gbọ́ ọ. Mo wá ń fi ẹsẹ̀ yí ti pẹ́dáàlì. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wáà, wúù. Bàbá onígángan wa jókòó lọ́dọ̀ mi níbi ìgbáradì, ó ń fa awọ gángan rẹ̀ le.

«Ọmọ mi, irin yìí ti ń yanu o.»

«Ẹ gbọ́ ọ, bàbá?»

«Mo gbọ́ ọ. Ó ń yanu, ó ń pa á dé. Àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan.»

Ó mú kọ̀ǹgọ́, ó fi gángan béèrè lọ́wọ́ irin náà bóyá ó ti jẹun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ: fíltà lè ya ẹnu, àmọ́ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ń sọ èdè wa, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi Monologue tẹ̀ lé ohun tí gángan bá sọ, tí mo ń fi ẹsẹ̀ ya ẹnu rẹ̀. Àwọn tó ń jó máa ń yíjú wò wá, bàbá náà kò sì tíì ní kí n dákẹ́.

Wọ́n bi mí bóyá ìlù náà lè gba inú pẹ́dáàlì kọjá. Ó lè ṣe é. A gba ìró máíkì gángan láti ihò send ti míkísà, a dà á sínú MF-101. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ, fíltà á ṣí. Ó dára létí ọ̀dọ́. Bàbá kò fẹ́ ẹ, ìdí rẹ̀ sì yé mi: ìró òkè tí kọ̀ǹgọ́ ń dá nígbà tó bá kan awọ, ibẹ̀ ni etí ti ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, fíltà sì ń jẹ ẹ́.

Pẹ́dáàlì kò mọ bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀. Nínú Monologue, ẹ lè wọ inú Program Edit (ibi tí wọ́n ti ń tún ètò rẹ̀ ṣe) kí ẹ sọ fún fíltà pé kó máa tẹ̀ lé kíbọ́ọ̀dù gòkè, ní 50 tàbí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá gòkè pẹ̀lú MF-101, ohùn á máa ṣú ni. Fún béèsì tí kì í kúrò nínú ọ́kítéfù kan ààbọ̀, kò já mọ́ nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orin òkè pẹ̀lú rẹ̀ á rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ aláṣọ funfun (Àjàṣẹ́ wa yìí náà ni ìjọ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947) ní minilogue, síńtì Korg mìíràn tó ní ohùn mẹ́rin. Ó gbọ́ tèmi, ó fẹ́ ra tirẹ̀.

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fowó yín ṣòfò.»

«Kí ló dé? Ṣé ìwọ kọ́ lò ń lò ó ni?»

«Èmi ni, béèsì sì ni mò ń fi í ṣe. Kọ́ọ̀dù lẹ̀yin fẹ́ràn.»

Nínú minilogue, ohùn kọ̀ọ̀kan ní fíltà tirẹ̀. Bí ẹ bá di bọ́tìnì mẹ́ta mú tí ẹ wá tẹ ìkẹrin, fíltà ìkẹrin nìkan ló máa ṣí. Pẹ́dáàlì ní fíltà kan fún gbogbo wọn: ìkẹrin á wọlé, mẹ́ta tó ti ń sùn á jí dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó lè dùn fún orin kan, ó máa sú yín ní orin kẹta. Ẹ̀gbọ́n kò kọ́kọ́ gbà. Mo gbé e fún un kó gbé e lọ sílé. Ó dá a padà, ó ní òun ti gbọ́.

Ti iná: ẹ ṣọ́ra gidi. Ádápítà tó bá tèmi wá láti Amẹ́ríkà jẹ́ ti 120 V, 220 V sì ni tiwa níbí. Mo wá òmíràn tó ń gba 220 V tó sì ń mú 9 V jáde. Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ jù ni pé MF-101 fẹ́ kí àárín ẹnu wáyà jẹ́ pọ́sítíìfù, bẹ́ẹ̀ àárín púpọ̀ nínú pẹ́dáàlì gìtá jẹ́ nẹ́gátíìfù. Ẹnu wáyà méjèèjì lè wọ ihò kan náà láìfura. Ẹ wo àwòrán kékeré tó wà lára ádápítà kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí onígìtá yá yín ní tirẹ̀. Pẹ́dáàlì yìí kò ní ibi bátìrì. Monologue ní, bátìrì AA mẹ́fà, mo sì ṣàkíyèsí pé bí síńtì bá wà lórí bátìrì tí pẹ́dáàlì nìkan wà lára iná, ìkùn hùùù tó máa ń wà nínú sípíkà nígbà tí a bá ń lo jẹnẹrétọ̀ máa ń dínkù púpọ̀.

Ó wúwo. Lórí sẹ́míjàn (ọ̀kadà), pẹ̀lú síńtì lẹ́yìn mi, mo máa ń gbé e sáàárín itan mi. Ẹ̀gbẹ́ onígi rẹ̀ ti ha níbì kan, irin rẹ̀ kò tẹ̀. Eruku ọyẹ́ ló ń bá a jà: bọ́tìnì cutoff máa ń hó nígbà ọyẹ́, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà Wándó fín oògùn sínú rẹ̀, ó dákẹ́.

Ṣé ó tó 190 000? Fún ẹni tó ń tẹ béèsì tàbí ohùn kan ṣoṣo lórí síńtì tí envelope rẹ̀ kò pọ̀, tó sì ń ṣeré lójú ayé, bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá ka owó pẹ́dáàlì expression mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń ṣe orin nínú kọ̀ǹpútà nìkan kò nílò irin yìí, torí Moog ti gbé ti sọ́fútíwià jáde ní 2022, kò sì gba àyè nínú ẹrù. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó gbé síńtì tirẹ̀ lọ. Ẹ yí gbogbo bọ́tìnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ gbọ́ bóyá wọ́n ń hó, ẹ gbé resonance dé òkè kí ẹ rí i pé ó ń súfèé, ẹ tẹ bọ́tìnì ẹsẹ̀ léraléra, ẹ sì bèèrè ádápítà tó bá a wá. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun kò ní ádápítà mọ́, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.